Hayes Kọ́ Ló Bí Módẹ́ẹ̀mù

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ rí mọ ohùn náà. Ọkọ̀ ò tíì dúró tán ní Ìkirè tí igbá ti dé ojú fèrèsé: "Dòdò rèé o! Dòdò Ìkirè!" Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ata ń ta lẹ́nu, epo pupa ń yọ lára náílọ́nù. Lóṣù tó kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ nítorí bátìrì fóònù mi tó ti ń wú. Mo ra dòdò, mo sì wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Lórí tábìlì rẹ̀, láàárín pánẹ́ẹ̀lì fóònù tí wọ́n ti tú palẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń jó òjé, mo rí àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe. Àwọn iná pupa kéékèèké tò sí iwájú rẹ̀, orúkọ kan sì wà lára rẹ̀: Hayes. Ó ní inú ẹrù tòkúnbọ̀ kan lòun ti bá a.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ èyí? Módẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ láyé nìyẹn. Hayes ló dá a sílẹ̀. Òun nìkan, lórí tábìlì ìjẹun ilé ẹ̀, ní Amẹ́ríkà."

Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ?"

"Àh, Bàbá, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n."

Ìdáhùn yẹn ló gbé bírò sí mi lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn bá mọ̀, kì í sábà sí ẹni tó wá ìdí rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo gé e kúrú kí n lè dá a lẹ́bi. Wọ́n ní ní ọdún 1977, nílùú Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dennis Hayes, tó ti fi yunifásítì Georgia Tech sílẹ̀ láìgboyè, jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ń jẹun lórí rẹ̀ nílé. Ó ń jó òjé mọ́ pánẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ṣe ohun tí ẹnì kan ò ṣe rí: ó mú kí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Tábìlì yẹn di iléeṣẹ́ ńlá, orúkọ rẹ̀ sì kárí ayé.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí tábìlì. Tábìlì wà, Atlanta wà, ọdún 1977 náà tọ̀nà. Ibi méjì ni irọ́ wọ̀ ọ́: "ohun tí ẹnì kan ò ṣe rí" àti "òun nìkan."

Kí ni módẹ́ẹ̀mù gan-an? Ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe wáyà tẹlifóònù fún. Kọ̀ǹpútà kò ní ohùn. Òdo àti ení ni gbogbo èdè tó gbọ́. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù ni láti sọ òdo di ìró kan, kó sọ ení di ìró mìíràn, kí èkejì rẹ̀ tó wà lápá ọ̀hún sì tú u padà. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Onídùndún kì í pe kọ́ńsónáǹtì kankan, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbé jáde, síbẹ̀ ẹni tó létí mọ̀ bóyá oríkì ló ń kì tàbí èébú ló ń bú. Módẹ́ẹ̀mù ayé àtijọ́ ò tilẹ̀ ní tó mẹ́ta. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Bell 103, ẹ̀rọ tó pe fóònù ń fi ìró 1070 hertz pe òdo, ó ń fi 1270 pe ení. Ẹ̀rọ tó gbé e ń lo 2025 àti 2225, kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì má baà kọlura lórí wáyà kan ṣoṣo. Ó lè sọ òdo àti ení 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí í ṣe nǹkan bíi lẹ́tà 30. Ẹni tó ń ka ìwé jẹ́jẹ́ lè máa bá a lọ.

Bell 103 tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe ti Hayes o. AT&T, iléeṣẹ́ tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wáyà tẹlifóònù Amẹ́ríkà nígbà náà, ló gbé e jáde ní 1962. Nígbà tí Hayes fi máa jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, módẹ́ẹ̀mù yìí ti pé ọmọ ọdún 15. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lára ọjà Hayes fúnra rẹ̀. Orúkọ tó fún módẹ́ẹ̀mù tó kọ́kọ́ tà ní 1977 ni 80-103A. Ẹ wo 103 tó wà láàárín. Ó ń sọ fún oníbàárà pé ẹ̀rọ yìí gbọ́ èdè Bell 103, pé yóò bá àwọn tó ti wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣe ohun tí ẹnì kan ò ṣe rí, èdè ta ni yóò tún máa gbọ́? Ọkùnrin náà ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ orúkọ bàbá sára ọmọ, àwa la ò kà á.

Bell 103 gan-an ní ẹ̀gbọ́n. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú Rọ́ṣíà tó lè ru àdó olóró wá ń ba ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n to rédà sí ẹnubodè, wọ́n sì fẹ́ kí ohun tí rédà bá rí dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá lójú ẹsẹ̀. SAGE ni wọ́n pe ètò náà. Wáyà tẹlifóònù ló wà nílẹ̀, òun náà ni wọ́n lò, àwọn módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n sì ṣe fún iṣẹ́ yìí ló bí Bell 101 tó jáde ní 1958. Àwọn ológun àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n jọ tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ẹ ò lè rí tábìlì ìjẹun kankan níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe AT&T nìkan. Codex, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Massachusetts ní 1962, ti ń ta módẹ́ẹ̀mù tó ń sọ 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fáwọn iléeṣẹ́ ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 32 ohun tí Hayes ń tà lẹ́yìn ìgbà náà. Lóòótọ́, wáyà àdáni tí wọ́n háyà ni ti Codex ń lò, owó rẹ̀ sì jù ti aráalé lọ. USRobotics ti ìlú Chicago, tó wá di orogún Hayes, 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ó ṣàgbà Hayes lọ́dún kan.

Ẹnì kan wà tí ìtàn ń fò bí ẹni fo kòtò, tó sì dùn mí ju gbogbo wọn lọ. Robert Weitbrecht ni orúkọ rẹ̀. Onímọ̀ físíìsì ni ní California, adití sì ni láti ìbí. Nígbà tí gbogbo ayé ń lo tẹlifóònù, adití ò lè lò ó. Ní 1964, Weitbrecht wá ọgbọ́n tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn oníròyìn yóò fi lè máa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, kí adití lè máa ka ohun tí elétí ń gbọ́. Ṣùgbọ́n AT&T ò gbà kí ẹnikẹ́ni so ohun àjèjì mọ́ wáyà òun. Kí ni Weitbrecht ṣe? Ó ṣe ìjókòó kan tí a ó gbé etí tẹlifóònù lé, kí ìró kọjá nínú afẹ́fẹ́, láìfi wáyà kan wáyà. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà gba ọgbọ́n yìí lò. Ẹni tí kò gbọ́ràn ló kọ́ ẹ̀rọ bí a ti ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìkirè ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Wáyà tí AT&T jókòó tì yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ọkùnrin ará Texas kan, Thomas Carter, ló pè wọ́n níjà. Ó ṣe Carterfone, ẹ̀rọ tó ń so rédíò alágbèéká pọ̀ mọ́ tẹlifóònù, kí ẹni tó wà nínú oko epo lè bá ẹni tó wà nílé sọ̀rọ̀. AT&T ní èèwọ̀ ni. Carter gbé e lọ síwájú FCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, FCC sì dá a láre ní 1968. Àwọn òfin ìforúkọsílẹ̀ tó tẹ̀ lé e ní àárín àwọn ọdún 1970 ló wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ki ẹ̀rọ tirẹ̀ bọ ihò tẹlifóònù lára ògiri, bí ẹ̀rọ náà bá ti yege àyẹ̀wò. Ẹ wá fi ọdún náà wé ọdún tí Hayes bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì wọlé. Kì í ṣe òun ló kan ilẹ̀kùn, kì í sì í ṣe òun ló ṣí i. Ojú tó ríran ló ní, mi ò sì fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kan "òun nìkan."

Iṣẹ́ ni Hayes ń ṣe ní National Data Corporation ní Atlanta, níbi tí módẹ́ẹ̀mù ti jẹ́ irinṣẹ́ ojoojúmọ́. Ibẹ̀ ló ti pàdé Dale Heatherington. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ òwò náà. Hayes mọ ọjà, ó mọ ohun tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà nílé ń wá. Heatherington ni ọwọ́ tó ń ya àwòrán iná. Ṣùgbọ́n D.C. Hayes Associates ni wọ́n kọ sára ọjà, nígbà tó sì di 1980, ó di Hayes Microcomputer Products. Orúkọ ẹnì kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹni méjì ló ń gbé inú ilé. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń dá òwò sílẹ̀ nílẹ̀ yìí, tí "& Sons" wà lára pátákó tí kò sí ọmọ kankan nínú ilé, kò ní yà á lẹ́nu.

Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́kọ́ ń tà, inú kọ̀ǹpútà ló ń wọ̀. Ó wúlò gan-an. Nígbà tí Ward Christensen àti Randy Suess ṣí pátákó ìkéde àkọ́kọ́ tí èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà pè lórí fóònù, ní Chicago ní ọjọ́ 16 oṣù kejì 1978, módẹ́ẹ̀mù Hayes ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: irú kọ̀ǹpútà kan, irú pánẹ́ẹ̀lì kan. Èyí tó bá wọ inú Apple II kò lè wọ inú òmíràn. Bí irú kọ̀ǹpútà ṣe ń pọ̀ sí i lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe pánẹ́ẹ̀lì tuntun.

Ojútùú rẹ̀ ni kí módẹ́ẹ̀mù jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kó máa dá gbé nínú àpótí tirẹ̀, kí wáyà kan so wọ́n pọ̀, torí pé ihò wáyà yẹn wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ẹtì. Wáyà kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ó rán lọ sí ìlú òkèèrè, orí rẹ̀ ni yóò gbà. Àṣẹ tí a fẹ́ pa fún módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀, pé kó pe nọ́ńbà yìí, pé kó gbé fóònù sílẹ̀, orí wáyà kan náà ni. Báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an?

Ẹ ronú nípa ògbufọ̀ láyé òyìnbó. Baálẹ̀ kan ń sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ fún ajẹ́lẹ̀. Baálẹ̀ wá ní, "Dákẹ́!" Ṣé ògbufọ̀ ló ń sọ fún ni, àbí kí ògbufọ̀ sọ fún ajẹ́lẹ̀ pé kó dákẹ́? Ẹ̀mí lè bọ́ nínú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Smartmodem tó jáde ní 1981 ló yanjú rẹ̀. Kí èdè-àìyedè má baà wà, gbogbo àṣẹ yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà méjì, AT, tó dúró fún "attention" lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ìgbà tí akéde bá lu agogo kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn AT, D ni kó pe nọ́ńbà. H ni kó gbé e sílẹ̀. A ni kó dáhùn ẹni tó ń pè. Bí ó bá gbọ́, yóò kọ OK padà. Bí wáyà bá ti so, tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ, módẹ́ẹ̀mù di ògbufọ̀ pátápátá, kò ní ka AT sí àṣẹ mọ́. Bí o bá wá fẹ́ kó yíjú sí ọ, o ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, o ó tẹ +++, o ó tún dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ṣáájú, ìdákẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà lè kọ +++ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dákẹ́ lápá méjèèjì. Mo gbà pé òye tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn pọ̀ ju èyí tó wà nínú gbogbo òjé tí wọ́n jó lórí tábìlì lọ.

Heatherington ló ronú kan ìdákẹ́jẹ́ náà. Ìwé páténtì tí ìjọba Amẹ́ríkà fún iléeṣẹ́ náà lórí rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1985, nọ́ńbà 4,549,302, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan sí: Dale A. Heatherington. Ìwé yìí ni iléeṣẹ́ náà fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn orogún. Àwọn tó kọ̀ láti san, bí Everex àti Ven-Tel, wọ́n pàdé ní kóòtù, Hayes sì borí wọn. Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde, Heatherington fúnra rẹ̀ ti ń kúrò nínú iṣẹ́ náà. Owó tó ń wọlé, ìwé rẹ̀ ló ń gbà á. Orúkọ tó wà lára àpò, ti ẹnìkejì ni.

Nígbà náà, kí ló dé tí gbogbo ayé fi ń pe Hayes ní bàbá módẹ́ẹ̀mù?

Orúkọ ni. Èdè AT dára débi pé gbogbo ẹni tó ń ṣe módẹ́ẹ̀mù kọ́ ọ, torí gbogbo ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti gbà pé èdè yẹn ni módẹ́ẹ̀mù ń gbọ́. Páténtì náà kò sì dé orí AT. Ìdákẹ́jẹ́ nìkan ló bò. Báyìí ni àwọn ará Taiwan, ará Chicago, ará ibi gbogbo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sára páálí pé "Hayes compatible." Ọjà ti ẹlòmíràn ni, orúkọ Hayes ló ń kígbe lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní gbà pé Hayes ló bí i?

Àwa náà ń ṣe é. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkirè, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní Maclean. Oníṣọ́ọ̀bù yóò bi yín láìrẹ́rìn-ín pé, "Maclean wo lẹ fẹ́, ṣé Close-Up ni?" Ẹ ní kí wọ́n gbé Omo wá, Ariel lè tẹ̀ lé yín délé láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wá torí ìyẹn sọ pé Maclean ló kọ́ Yorùbá láti máa fọ eyín. Orín wà níbẹ̀ tipẹ́.

Mo wo dòdò tó wà lọ́wọ́ mi, mo bi ọmọkùnrin náà pé, "Ṣé Ìkirè ló dá dòdò sílẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń dín dòdò."

"Kí wá ni Ìkirè ṣe?"

Ó ronú. Ọmọ Ìkirè ni, kò fẹ́ sọ ohun tí yóò mú ìtìjú bá ìlú. Ó ní, "Àwa la mọ ohun tí èèyàn lè fi èyí tó ti pọ́n jù ṣe."

Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Àgbagbà tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn yóò dà nù, wọn yóò bó o, wọn yóò gún un pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, wọn yóò dín in nínú epo pupa. Ohun tí ì bá bàjẹ́ lọ ti di ohun tí ọkọ̀ ń dúró torí rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan pé ìyá arúgbó tálákà kan, tí kò ní nǹkan mìíràn nílé ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ yẹn lọ, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n dárí jì mí ní Ìkirè, n kò gba ìyá kan ṣoṣo yẹn gbọ́. Ìyá kan ṣoṣo náà nìyí, tábìlì kan ṣoṣo náà nìyẹn. Ẹnu tó ń pìtàn kò fẹ́ràn èrò. Agbègbè tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ sí, tó sì wà lójú ọ̀nà ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò pọ́n jù mọ́ lọ́wọ́.

Apòmù, aládùúgbò Ìkirè, tún kọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni pé kí ló fa ogun Òwu, ogun tó dá ilẹ̀ Yorùbá rú ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Yóò ní atáare ni, pé ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú jà lórí atáare lọ́jà Apòmù. Samuel Johnson kọ ọ̀rọ̀ atáare náà sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Johnson kan náà kọ ọ́ pé kí ọ̀rọ̀ atáare tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wá ná ọjà Apòmù gbé, tí wọ́n ń tà wọ́n sẹ́rú; pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí Olówu kó bá wọn dá a dúró; pé Òwu ti tìtorí rẹ̀ kọlu Apòmù àtàwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ifẹ̀; pé inú Ifẹ̀ sì ti ń ru. Atáare ló ṣáná; igi ti gbẹ, ó ti wà nílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni kí ọmọ ilé-ìwé mọ̀ nípa atáare. Bí ó bá dúró síbẹ̀, àwọn tí wọ́n jí gbé á ti sọnù lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn mí. Ó lè ní ẹni tó mú nǹkan dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ló ni ín, ohun yòówù kó ti wà lọ́wọ́ àwọn ológun. Mo gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. Ṣùgbọ́n èyí ni ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkirè, bí a bá sọ fún un pé ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo ló jókòó sí tábìlì tó sì bí gbogbo nǹkan, yóò máa dúró de ọjọ́ tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ yóò bà lé òun lórí. Bí a bá sọ òótọ́ fún un, pé Hayes bá ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀, ó bá òfin tuntun, ó bá ọ̀rẹ́ tó mọ iṣẹ́, ó sì rí ibi tí nǹkan ti ń há, yóò wo tábìlì tirẹ̀ wò dáadáa. Ohun tó ti pọ́n jù wà lórí rẹ̀ níbẹ̀.

Òpin iléeṣẹ́ náà ò gùn lẹ́nu. Àwọn orogún ń fi ohun pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ṣe módẹ́ẹ̀mù, wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń sọ èdè rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kọkànlá 1994, Hayes sá sábẹ́ òfin onígbèsè. Ó jáde ní 1996, ó tún padà wọ ibẹ̀ ní 1998. Ní 1999, wọ́n pa á dé, wọ́n sì ta dúkìá rẹ̀. Zoom Telephonics ló ra orúkọ náà. Orúkọ, ẹ ò rí i? Òun ni wọ́n rí rà.

Ìgbà tí iléeṣẹ́ náà ń kú lọ́hùn-ún ni módẹ́ẹ̀mù ń jí nílẹ̀ wa. Ní 1995 ni wọ́n fi àmì .ng ti íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà lé Yaba College of Technology lọ́wọ́, tí Ìyáàfin Ibukun Odusote sì ń bójú tó o. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìkirè, bá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ físíìsì ti Trieste ní Ítálì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọgbà wọn. Èmi, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀ ní 1999. Módẹ́ẹ̀mù yóò han, yóò fọn bí ejò, a ó máa gbàdúrà. Tí ọmọ ilé kan bá lọ gbé fóònù ní yàrá kejì, ó parí nìyẹn. Àmọ́ mo rántí ohun tó máa ń jáde lójú kọ̀ǹpútà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í han: ATDT, àti nọ́ńbà. N ò mọ̀ pé àṣẹ ni. Mo rò pé orúkọ ẹ̀rọ ni.

GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001, wáyà tẹlifóònù sì di ohun tí ẹyẹ ń bà lé. Wọ́n ní módẹ́ẹ̀mù kú. Kò kú, ó kàn bọ́ aṣọ. Àwọn tó kọ òfin GSM gba èdè AT wọlé, wọ́n fi àṣẹ tuntun kún un. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ń ta ìgànpá kékeré tí à ń ki bọ ẹ̀gbẹ́ láápútọ́ọ̀pù, tí gbogbo wa ń pè é ní módẹ́ẹ̀mù, AT ló wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń san owó fún yín lọ́jà Apòmù, ẹ̀rọ kékeré tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bẹ nínú rẹ̀, AT náà sì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un.

Ọmọkùnrin náà ò gbà mí gbọ́ lórí èyí. Ó ní ohun ogójì ọdún? Nínú POS? Mo ní kó mú ọ̀kan wá nínú àwọn ìgànpá àtijọ́ tó kó sínú dúrọ́wà. Ó wá a títí, ó rí ti Huawei kan tí kò ní ìdérí mọ́. Ó kì í bọ láápútọ́ọ̀pù, ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní tààrà, ó sì wò mí bí ẹni tó fẹ́ rí ìtìjú mi. Ó tẹ A, ó tẹ T, ó tẹ Enter.

Ìgànpá náà dáhùn: OK.